Ta Ní Ń Sanwó Ọ̀gá Tó Ń Kọ́ni Níṣẹ́?

Bí ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ bá gé ọrùn aṣọ oníbàárà wọ inú jù, ta ni yóò san owó aṣọ náà? Ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, gbogbo ayé ló mọ èsì rẹ̀: ọ̀gá ni. Oníbàárà kò bá ọmọ-iṣẹ́ ṣe àdéhùn, ọ̀gá ló gbé aṣọ lé lọ́wọ́. Ọ̀gá yóò bẹ̀bẹ̀, yóò ra ọ̀pá mìíràn dípò èyí tó bàjẹ́, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, yóò tún fi àlùmọ́gàjí lé ọmọ náà lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá gé aṣọ kò lè mọ aṣọ gé. Owó ọ̀pá aṣọ yẹn, wákàtí tí ọ̀gá fi dúró lẹ́yìn ọmọ, epo tó jó nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọmọ ń fi àkísà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi síìpù sí síkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni mo ń pè ní owó ìkọ́ni. Láti 1971 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń gba owó lórúkọ ìkọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ tọpa owó náà, kí n mọ ibi tó ń gbà kọjá tí kì í fi í yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yìí.

Ẹni tó bá ti ẹnu géètì ẹ̀sítéètì rìn lọ sí ìhà Òkè-Àfà yóò rí wọn lọ́tùn-ún lósì: télọ̀, onídìrí, àwọn tó ń jó irin, mẹkáníìkì, oníwáyà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ló kọ́ àwọn ilé náà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ilé gbígbé ló kọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn tó ń gbé inú ilé gbọ́dọ̀ jẹun, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù yọ síwájú fèrèsé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ jù lágbègbè náà wà. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀. Àpótí ìjókòó kan ni, àti ojú ọmọ tó ń wo ọwọ́ ọ̀gá.

Àṣà ìkọ́ṣẹ́ wa ní ètò owó tirẹ̀. Òbí á mú ọmọ wá pẹ̀lú oníduùró, wọn á fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọdún, wọn á san owó ìkọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tàbí díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá parí, ó di ọjọ́ fíríìdọ̀mù: àdúrà, ìwé ẹ̀rí, ìrẹsì, fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá. Òbí tí kò lówó a máa fi ọdún dípò owó, ọmọ á sì sin ọ̀gá pẹ́ sí i. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Igbo tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ọmọ kì í sanwó rárá; ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, bó bá sì sìn tán, ọ̀gá á fún un ní owó tí yóò fi dá dúró. Ọ̀nà méjèèjì jọra níbì kan: ẹbí àti ọ̀gá nìkan ló wà lábẹ́ ẹrù náà.

Òfin mọ̀ pé ètò yìí wà. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ pé òbí lè fi ọmọ tó ti kọjá ọdún 12 tí kò sì tíì pé 16 sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún tí kò gbọdọ̀ ju 5 lọ, kí ìwé àdéhùn wà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì jẹ́rìí sí i. Ó dáàbò bo ọmọ lórí ìwé. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò sanwó bí ìkọ́ni bá wọ́n ju ohun tí òbí lè san.

Owó ni ITF, Industrial Training Fund, wà fún. Òfin 47 ti ọdún 1971, nígbà ìjọba Yakubu Gowon, ló dá a sílẹ̀, Jos sì ni olú-ilé rẹ̀ wà. Ìrònú tó wà nínú òfin náà gún régé. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ ná owó, èyí tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni á wá fi owó oṣù tó lé díẹ̀ fa òṣìṣẹ́ náà lọ. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ kọ́ni mọ́. Nítorí náà kí gbogbo wọn dá owó sínú àpò kan, kí ẹni tó bá kọ́ni gba nínú rẹ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè ni òfin dè. Àtúnṣe ọdún 2011 sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún ni wọn yóò san, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun lè gba tó ìdajì owó tó san padà.

Ìsọlọ̀ ìgbà náà bá òfin yìí mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Àdúgbò ilé-iṣẹ́ aṣọ ni. Aswani wà níbẹ̀, Afprint wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá, Ìlasamàjà kún fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọ̀dọ́ tó bá wọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò bá ẹ̀rọ, yóò bá ọ̀gá lórí ẹ̀rọ, yóò sì bá akọ̀wé tó ń ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń gbowó oṣù. Orí ìwé owó oṣù yẹn ni ITF gbé gbogbo ìṣirò rẹ̀ lé. Lónìí, ẹni tó bá sọ pé òun ń lọ sí Aswani, ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ. Iṣẹ́ aṣọ kò tán ní Ìsọlọ̀ o. Ó kúrò nínú ilé-iṣẹ́, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ní maṣíìnì mẹ́ta. Òfin dúró síbi tó wà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà ní Òkè-Àfà tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, tó sì ń san 70,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, èyí tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2024. Owó oṣù gbogbo wọn lọ́dún jẹ́ 4,200,000 náírà. Ohun tí ITF yóò gbà jẹ́ 42,000. Bí onílé búrẹ́dì bá kọ́ àwọn ọmọ náà dáadáa, tó kó rìsíìtì àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jọ, tó sì lo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti tọ ìwé náà lẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù tó lè rí gbà padà jẹ́ 21,000 náírà. Ta ni yóò ti ìdí ààrò dìde nítorí ìyẹn? Ilé-iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ àti ọ́fíìsì tó ń bójú tó wọn lè ṣe é, nítorí akọ̀wé tó ń gbowó oṣù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti télọ̀ wa kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gba owó oṣù, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òfo sì jẹ́ òfo. Kò san nǹkan kan, wọn kò dá nǹkan kan padà fún un, òun ló sì ń kọ́ni jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ owó-orí ti 2012 rí, tó dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè tí ìjọba ì bá gbowó-orí lé sí fún ilé-iṣẹ́ tó bá gba àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tí kì í san owó-orí ilé-iṣẹ́ kò rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀.

Ètò tó súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù jù lọ ni ti NDE, National Directorate of Employment, tí ìjọba Ibrahim Babangida dá sílẹ̀ ní 1986. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n pè ní National Open Apprenticeship Scheme bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ronú rẹ̀ wo bí Yorùbá, Igbo àti Hausa ṣe ń kọ́ṣẹ́, wọn kò sì sá fún un. NDE á wá ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, á mú un tọ ọ̀gá tó ti ní ṣọ́ọ̀bù lọ, á san owó ìkọ́ni fún ọ̀gá, á sì fún ọmọ ní owó díẹ̀ tí yóò máa fi wọkọ̀. Fún àwọn ìgbèríko tí kò ní ọ̀gá tó pọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tó gbé irinṣẹ́ kiri, School-on-Wheels. Mo gbà pé òun ni ìrònú tó dára jù tí ìjọba àpapọ̀ ti ní lórí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Àìlera rẹ̀ ni pé inú ìsúná ọdọọdún ni owó rẹ̀ ti ń wá. Ọdún tí ìsúná bá fẹ̀, ọmọ pọ̀. Ọdún tó bá há, ọ̀gá á retí títí. Kò sì sí ọ̀gá tó lè bá irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta.

Àwọn tó tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. SURE-P, tó jáde lẹ́yìn rògbòdìyàn owó epo ti January 2012, fi àwọn tó jáde ní yunifásítì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, ìjọba sì ń san owó wọn. N-Power ti 2016 san 30,000 náírà lóṣù fún àwọn tó ti gboyè. Ìpínlẹ̀ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2021, 40,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọ̀dọ́ jẹ nínú owó náà, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n owó tí a fi fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí owó tí a fi fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Agbanisíṣẹ́ tó gba ọmọ tí ìjọba ń sanwó fún rí ọwọ́ kún ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́; kò sí ohun tó so owó yẹn mọ́ bóyá ọmọ náà mọ nǹkan kan nígbà tó ń lọ. LSETF, àpò owó ìgbanisíṣẹ́ tí Akínwùnmí Àmbọ̀dé gbé kalẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú bílíọ̀nù 25 náírà fún ọdún mẹ́rin, yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó pẹ̀lú èlé ìdá márùn-ún lọ́dún, ó sì sanwó fún àwọn ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá lè yá owó ra maṣíìnì. Kò sẹ́ni tó yá a ní owó aṣọ tí ọmọ-iṣẹ́ bàjẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni afẹ́fẹ́ ń yí padà. Ní 2024, ITF gbé ètò SUPA jáde láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ìyẹn ni pé àjọ náà ti ń wo ojú àwọn tí kò sí lórí ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Tunji Alausa kéde ètò iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Oṣù mẹ́fà! Ẹ lọ bi ọ̀gá mẹkáníìkì kankan bóyá òun lè fi ẹnjínì oníbàárà sílẹ̀ fún ọmọ oṣù mẹ́fà. Kí a tó gbọ́ ìyẹn, Báńkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2020 fún ètò IDEAS, tó ní apá kan fún ìkọ́ṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló mú: Abia, Benue, Edo, Èkìtì, Gombe àti Kano. Èkìtì nìkan ni ti Yorùbá níbẹ̀. Èkó, tí ọmọ-iṣẹ́ pọ̀ sí bí eṣú, kò sí lára wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro bí a ṣe rò, nítorí àwọn aládùúgbò wa ti dán an wò. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tó jẹ́ ilé fún àwọn ará Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́, wọ́n dá àpò owó FODEFCA sílẹ̀ ní 1999 fún ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀, á sì lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan láti kọ́ ìṣirò, ìwọ̀n, àti ìdí tí nǹkan fi ń rí bó ṣe ń rí. Ọdún mẹ́ta ni, ìdánwò ìjọba ló sì parí rẹ̀. Ọ̀gá kò pàdánù ọmọ rẹ̀, ọmọ kò sì pàdánù ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni pé bí ìjọba bá sanwó, ọ̀gá á kàn fi ọmọ tí ìjọba rán wá rọ́pò èyí tí ì bá gbà tẹ́lẹ̀, owó á sì ṣòfò. Méjì nínú wọn, Bruno Crépon àti Patrick Premand, wo èyí ní Côte d'Ivoire, níbi tí ètò kan ti ń san owó oṣù ọmọ-iṣẹ́ tó sì ń fi ẹ̀kọ́ kíláàsì kún un. Wọ́n rí i pé díẹ̀ ni ìrọ́pò náà; èyí tó pọ̀ jù nínú àyè náà jẹ́ àyè tuntun, owó tó sì ń wọlé fún àwọn ọ̀dọ́ náà fi bí ìdá 15 nínú 100 lé sí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ti Ùgáńdà ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Níbẹ̀, wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ sí ọ̀wọ́: wọ́n rán àwọn kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí, wọ́n sì sanwó fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké kí wọ́n kọ́ àwọn mìíràn. Àwọn méjèèjì ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, èrè àwọn tí ilé-iṣẹ́ kọ́ ń ṣá, ti àwọn oníwèé ẹ̀rí dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá bọ́, ẹni tó ní ìwé tí ọ̀gá mìíràn mọ̀ lè rí òmíràn; ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i kò ní nǹkan kan tí yóò fi han àjèjì. Ìwé fíríìdọ̀mù tí a ń gbé kọ́ ara ògiri ní Jakande Estate kò rékọjá àdúgbò.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Peckham, ní London, mọ ti ìlú ọba. Láti April 2017, agbanisíṣẹ́ tí owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún ń san ààbọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù náà, ó sì lè lo owó tó san fún ìkọ́ṣẹ́ láàrin àkókò kan pàtó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó pàdánù rẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, ìjọba á san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́. Ó dára létí. Síbẹ̀ iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní England ṣubú láti bí 495,000 sí bí 376,000 ní ọdún kan, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì rí i pé àwọn lè fi owó náà kọ́ àwọn máníjà tó ti wà lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ibi tí ìwé owó oṣù bá wà ni owó ń ṣàn sí, yálà ní Jos tàbí ní London.

Mi ò sọ pé ọ̀gá jẹ́ áńgẹ́lì. A ti rí ọ̀gá tó ń rán ọmọ-iṣẹ́ lọ pọn omi ní gbogbo àárọ̀, tó sọ ọ́ di olùtọ́jú ọmọ, tó fi ìmọ̀ pàtàkì pamọ́ kí ọmọ má bàa yára lọ. Bí ìjọba bá kó owó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, ìyà ọmọ náà á pọ̀ sí i, orúkọ ọmọ tí kò sí láyé á sì kún inú ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí owó náà dé ọwọ́ ọ̀gá. Díẹ̀ nígbà tí a bá fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, tí òbí àti oníduùró sì fọwọ́ sí i. Díẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ tí ọmọ bá yege nínú ìdánwò tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe é. Ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àjọ tuntun. Trade Test ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti wà tipẹ́, láti ipele kẹta dé ipele kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìkọ̀tún, ọkọ̀ kò sì wọ́n láti Jakande dé ibẹ̀. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó fún ìṣirò àti ìwọ̀n. Àpò ITF ti wà láti 1971. Kí a gé apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní ìwé owó oṣù, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ìsúná ọdọọdún bíi ti NDE.

Ìyẹn gba òfin ní Abuja, òfin a sì máa pẹ́. Ohun kan wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósìkì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọdọọdún sì ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ télọ̀ àti onídìrí. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ọ̀gá tó bá fi orúkọ ọmọ-iṣẹ́ sílẹ̀ tí ọmọ náà sì yege. Kò ní kí ẹnikẹ́ni kówó jáde láti àpò ìjọba, kò sì ní kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí àwọn ọ̀gá wà, nítorí àwọn tó ń gba owó náà mọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan láti géètì dé etí odò Òkè-Àfà. Ìwé rìsíìtì ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Kí wọ́n mú ìwé kejì dání, èyí tí wọn yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ-iṣẹ́ sí.